Ẹ̀rọ Tí Kò Tíì Gba Ohùn Yín

Bàbá mi, Àáfà mi,

Irọ́ ni ohun tí wọ́n wá sọ fún yín. Mo mọ̀ pé Bàbá Kékeré, àbúrò yín, máa ń dúró níbi oórì yín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọn a sì máa ro ẹjọ́ mi fún yín. Wọ́n ní mo ti ta ohùn yín fún àwọn ará Ìbàdàn, pé wọ́n ti tì í mọ́ inú kọ̀ǹpútà, pé ìdí nìyẹn tí n kò fi yá ẹnikẹ́ni ní kásẹ́ẹ̀tì yín mọ́. N kò ta nǹkan kan. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú àpótí aṣọ mi, mo fi fìlà yín funfun wé e. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń sọ yẹn, ohùn yín kò tilẹ̀ gbà sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ẹ kò rí ẹ̀rọ yìí kí ẹ tó lọ. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Odò-Orí, nínú Ìwó níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọdún tí ẹ kú gan-an ni ọ̀gá mi ra kọ̀ǹpútà. Irin kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń yí bí òkòtó, tí ó sì ń kùn bí agbọ́n. Òun ni ó ń pa gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ mọ́, bí iná bá tilẹ̀ lọ. Háàdì dísìkì ni wọ́n ń pè é. Èyí àkọ́kọ́ wúwo bí òkúta, wọ́n ní mẹ́gábáìtì mẹ́wàá ni inú rẹ̀ gbà. A kó káàdì ìgbéyàwó sí i, a kó kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí sí i, a kó ìkéde òkú ilé yìí àti ti ilé tọ̀hún sí i, kò kún. Mo wá rò ó pé ohun tó gba gbogbo Ìwó yóò gba ẹnì kan ṣoṣo.

Mo bi ẹnjiníà tí ó máa ń ti Ìbàdàn wá tún un ṣe. Mo ní ṣé ó lè gba ohùn bàbá mi, tafsíírì Àlùkùráánì tí wọ́n ṣe nínú Ààwẹ̀ wọn ìkẹyìn, ojú kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ dà bí ẹyọ àgbàdo kan, ohùn ènìyàn dà bí odindi oko. Ó ní bí a bá tilẹ̀ ní ohun tí yóò gbé ohùn wọlé, ẹ kò ní tíì yin Ọlọ́run tán tí irin náà yóò fi kún.

"Bàbá rẹ sanra ju ẹ̀rọ mi lọ," ló wí.

Ẹ̀yin tí ìyá mi máa ń dín aṣọ yín kù lọ́dọọdún.

Nígbà tí ó yá, wọ́n yọ ti àkọ́kọ́, wọ́n fi èyí tó gba ogún sí i. Ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ lójú, inú rẹ̀ sì fẹ̀ jù ú lọ. Mo tún béèrè. Ẹnjiníà ní ìyẹn lè gbé yín dé ibi tí ẹ ti ń ṣe àsàlátù fún Ànábì. Lọ́dún yìí, ogójì dé. Ìyẹn lè gbé yín dé ibi tí ẹ ti wúkọ́, tí ẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ èrò. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń pe iye rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é, èmi sọ nínú ọkàn mi pé Bàbá ti dé ibi ikọ́.

Ṣùgbọ́n ìparí ni mo fẹ́ kí ó dé. Ẹ rántí pé oko tó wà lọ́nà Kuta ni mo wà lọ́jọ́ náà, oòrùn wọ̀ kí n tó délé. Ẹ ti wàásù tán, wọ́n ti pèrun, wọ́n ń pín omi, kò sì sẹ́ni tó rántí pa rédíò tó ń gba ohùn. Lẹ́yìn tí a sin yín ni mo tó gbọ́ ọ. Omi ń dà sínú ife, ohùn yín sì jáde, kì í ṣe ohùn wàásù, ohùn ilé ni:

"Olóríkunkun mi dà? Ṣé ó ti ṣínu?"

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Kásẹ́ẹ̀tì sì parí síbẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run du ẹni tó béèrè. A yá àwọn ará Kuta ní kásẹ́ẹ̀tì náà. A yá àwọn ará Ilé-Ogbó. A yá Àáfà Sàlámì, ọ̀rẹ́ yín ilé-kéú, ní Olúpọ̀nnà. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í dá abọ́ ẹni padà lófìfo. Bí a bá gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn, ẹ̀wà ni abọ́ náà máa ń gbé bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Ibi tí wàásù ti tán, tí ife ń ró, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ yín ti parí, wọ́n bá gba àdúà sí i fún yín, pé kí Ọlọ́run la sàréè yín gbòòrò. Ọjọ́ tí ó dé, mo ti í bọ rédíò. Mo gbọ́ omi. Mo gbọ́ kà! Lẹ́yìn náà, ohùn Àáfà Sàlámì, níbi tí ìbéèrè yín wà tẹ́lẹ̀.

Mo gba Olúpọ̀nnà lọ lọ́jọ́ náà, ohun tí mo sọ, mo sọ ọ́. Kò yé wọn. Wọ́n rò pé mo kọ àdúà fún bàbá mi ni. Ọ̀rọ̀ náà sì tàn dé Ìwó, ó di pé mo ń fi ìmọ̀ pamọ́, ó di pé mo tà yín. N kò ṣàlàyé. Kí ni n bá wí? Pé torí ìbéèrè ìṣínu ni mo ṣe gbé ohùn sókè sí àgbà? Láti ọjọ́ náà ni n kò ti yá ẹnikẹ́ni mọ́. Mo máa ń ka àwọn tó dúró tì mí. Ìyá mi. Ọ̀gá mi. Ẹnjiníà, bí a bá lè ka ẹni tó ń fini ṣẹ̀fẹ̀.

Àáfà Sàlámì kú nígbà tí Ààwẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ ti ríra yín? Ọmọ wọn obìnrin, Ṣìfáwù, wá bá mi níbi iṣẹ́ nínú oòrùn, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ni wá. Ó ní kò sẹ́ni tó gba ohùn bàbá òun sílẹ̀ rí, àfi ìyẹn tó wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ gbọ́, mo ti pinnu pé lọ́jọ́ tí irin náà bá fẹ̀ tó, n óò ní kí ẹnjiníà gé àdúà yẹn kúrò. Mo wo Ṣìfáwù, mo mú un lọ sílé. Ìyá mi tẹ́ ẹní, mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò. Níbi tí bàbá rẹ̀ ti ha ọ̀fun láàárín àdúà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìbòrí bo ẹnu. Mo sọ ìbéèrè yín tó wà lábẹ́ àdúà náà fún un. Ó bi mí pé:

"Kí lo wá dá wọn lóhùn?"

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ibi tó fẹ̀ tó láti gba ìbéèrè yín ni mo ń wá kiri, n kò wá èsì rẹ̀ rí.

Lánàá ó tún wá, pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Bàbá Kékeré tẹ̀ lé wọn wọlé, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni. Wọ́n jókòó létí ẹní. Nígbà tí ẹ wúkọ́, omi bọ́ lójú wọn. Láti ibẹ̀ ni n kò ti ka àwọn tó dúró tì mí mọ́.

Ẹnjiníà ní irin náà ṣì ń bọ̀ wá fẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gbà yín, ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín ni n óò jọ kó síbẹ̀. N kò ní gé nǹkan kan. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn bẹ́ẹ̀?

Oòrùn ti wọ̀. Wọ́n ti pèrun. Ìyá mi gbé omi síwájú mi, mo gbọ́ bí ó ṣe ń dà sínú ife.

Mo wà níbí, Bàbá. Mo ti ṣínu.

Èmi ni,
Olóríkunkun yín.