Bọ́ọ̀lù Irin Kan Tó Fẹ́ Tú Ìgbéyàwó Mi Ká

Ojúlé Kọkànlá,
Òkè Pópó,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
9 Oṣù Kọkànlá, 1974.

Àbẹ̀ní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Màmá ti le? Ìbídùn ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé Ìjẹ̀bú-Òde ti mọ́ ọn lára àbí ó ṣì ń ṣàárò Èkó? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, alihamudulilahi. Má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ tí mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni kí n fi sọ ọ́ fún ẹ tàbí ẹ̀rín. Ní báyìí, ẹ̀rín ló kù.

O mọ Ṣàkírù mi, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Apọ́ngbọ̀n. O sì mọ Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá wa, tí wọ́n ń ránṣọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa. Àwọn ni wọ́n máa jókòó gba ẹbí Ṣàkírù tí wọ́n bá wá tọrọ mi, nítorí nílé wa, bàbá ọmọ kì í fúnra wọn fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Tí Bàbá Kékeré bá kọ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ọdún Ìtùnú, Ṣàkírù wá kí Bàbá wa. Ó bá wọn nídìí rédíógíráàmù wọn, inú ń bí wọn. Àwo orin ń yí, àmọ́ ohùn olórin ń wọ́ bí ohùn ẹni tí oorun ń kùn. Ṣàkírù tó ń wá ojúure àna ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Ó gbé abọ́ irin pẹrẹsẹ tí àwo ń jókòó lé kúrò. Abọ́ náà ní ọ̀pá kan lábẹ́, inú ihò tóóró kan ni ọ̀pá náà ń wọ̀. Ṣàkírù ki irin òòfà bọ inú ihò náà, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan ṣoṣo ló gbé jáde.

Ojú ẹ̀ yí padà. Nínú kẹ̀kẹ́, irú bọ́ọ̀lù irin bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bíárìn, máa ń pọ̀ yí ọ̀pá ká ni, àwọn oníwàyó nínú iṣẹ́ wọn sì máa ń yọ díẹ̀ nínú ti oníbàárà. Ló bá pariwo lójú gbogbo ilé pé, "Haà! Alàájì, wọ́n ti jí bíárìn yín! Ta ló tú ẹ̀rọ yìí kẹ́yìn? Olè pọ́ńbélé ni!"

Bàbá Kékeré ni wọ́n tú u kẹ́yìn. Àwọn ni wọ́n nù ún kí ààwẹ̀ tó wọlé, wọ́n sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń rán bùbá. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ. Mò ń ṣẹ́jú sí Ṣàkírù, kò rí mi, bọ́ọ̀lù irin kẹ̀kẹ́ ló ń bù jáde lápò tó ń rọ́ sínú ihò! Nígbà tó dá abọ́ padà, ó ga sókè, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, olórin wá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Bàbá wa ní kó máa lọ sílé. Bàbá Kékeré, tí àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn jọ ń jẹun lábọ́ kan náà láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ní kí wọ́n bu tàwọn sọ́tọ̀. Mo sunkún, Àbẹ̀ní. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, mo sì fẹ́ràn Bàbá Kékeré.

Mo lọ bú Ṣàkírù dáadáa ní Apọ́ngbọ̀n. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, a jọ lọ sọ́dọ̀ Adéníyì tó ń tún rédíò ṣe ní Obalende, Ṣàkírù ní kó tú ẹ̀rọ méjì kí òun fojú ara òun rí i. Nínú àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù irin tò yí ká lábẹ́ abọ́ bíi tẹ̀sùbáà. Inú Ṣàkírù dùn, "Morufat, ṣé o rí i? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀?" Adéníyì ṣí ìkejì: ihò tóóró, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nísàlẹ̀, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ṣàkírù fọwọ́ yí i, ó wò ó títí. Ó ní ọ̀pá kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ ni, ẹrù ń tẹ̀ ẹ́ lórí, ló ṣe ń fẹ́ púpọ̀. Àmọ́ tèyí dúró ṣánṣán bí òkòtó, ihò yẹn ló dì í mú tí kò fi ṣubú, orí bọ́ọ̀lù kan yẹn ló sì ń yí lé. Òróró tó ti gbẹ nínú ihò ló ń fa ohùn olórin sẹ́yìn. Ó wá di orí mú, ó ní, "Bàbá yẹn ò jí nǹkan kan."

Mo rò pé yóò yọ́ kẹ́lẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n nínú yàrá ni. Rárá o. Ó dúró di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, tí gbogbo ilé ti ìrun dé, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ. "Bàbá, mo pè yín lólè lójú gbogbo èèyàn. Irọ́ ni mo pa. Nǹkan kan ò sọnù, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n." Ó kó àwọn bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde, ó fi kẹrosíìnì fọ ihò, ó dá ẹyọ kan náà padà. Ó wá ń bèèrè òróró tó ṣàn. Bàbá Kékeré na agolo òróró máṣíìnì wọn sí i.

Abọ́ náà yí, kò dún pínpín, ohùn olórin já gaara. Bàbá Kékeré gbọ́ orin náà tán kí wọ́n tó ní, "Dìde. Ẹni tó lè kó ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ jẹ lójú àwọn tó ti sọ ọ́ níṣojú wọn, mo lè fọmọ fún un. Ìgbà wo làwọn ará ilé rẹ ń bọ̀?" Mo sá wọ ilé ìdáná kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Bá mi kí Màmá àti ọkọ rẹ, fẹnu kan Ìbídùn lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Àbúrò mi Hàwáwù ní kí n kí ẹ. Múra láti wá o, mi ò ní jókòó lọ́jọ́ yìgì láìsí ìwọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lánàá ni Bàbá Kékeré ránṣẹ́ pe Ṣàkírù, wọ́n fi téèpù wọn èjìká rẹ̀. Wọ́n ní agbádá tí ọkọ ọmọ àwọn máa wọ̀, kò sí télọ̀ mìíràn tó máa rán an.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ayọ̀ ò jẹ́ kó jókòó,
Morufat