Nọ́ńbà Tí Mo Ń Ná Kiri

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Ajíbádé,
                                        Egan, Ìgàndó, Èkó.
                                        18 Oṣù Kọkànlá, 2012.

Abdulsobur, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwa náà wà ńbí, a dúpẹ́. Ìdíátù ìyàwó mi ní iṣu tí ẹ dì fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Iléyá kò tíì tán.

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò, má tíì rẹ́rìn-ín. O rántí bí mo ṣe máa ń fọ́nnu pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi kò ga. Irọ́ ni. Bí kẹ́mísí kan bá wọ̀n ọ́n tó sì ga, ńṣe ni màá rọra lọ sí òmíràn, títí màá fi rí iye tó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo dé kẹ́mísí mẹ́ta lọ́jọ́ kan, mò ń ná ìfúnpá bí ẹni ń ná aṣọ. Iye tó kéré jù ni mo ń sọ nílé.

Ìdíátù kúkú mọ̀. Ó ń rí gbogbo bébà tí àwọn kẹ́mísí kọ iye náà sí nínú àpò ṣòkòtò mi tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ó sì ń kọ wọ́n sínú ìwé ògbólógbòó tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà. Nígbà tí mi ò lè mí dáadáa mọ́ bí mo bá gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, ó fà mí lọ sọ́sibítù, ó sì gbé ìwé náà síwájú dókítà. Ojú tì mí gan-an.

Dókítà ka iye tó wà lókè lọ́dọọdún láti 2008: 126, 134, 141, 150, 158. Ó ní, “Bàbá, ẹ má wo tòní nìkan. Ẹ wo bó ṣe ń gòkè lọ́dọọdún. Gbogbo ìgbà yẹn lọkàn yín ti ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó.” Ó ní irú èyí tó ń gòkè bẹ́ẹ̀ ló tètè ń fa àrùn ọkàn. Ó yé mi kíá, torí mo mọ àwọn oníbàárà tí ìbàdí wọn ń fi íǹṣì kan fẹ̀ sí i lọ́dọọdún, tí wọ́n á ní aṣọ ló súnkì. Mo ti ń lo oògùn báyìí. Ìdíátù kò bínú, ó kàn ní, “Ẹ máa fún mi ní bébà yín lọ́wọ́ jàre.”

Ìwọ náà sọ fún mi lọ́jọ́ Iléyá pé tìrẹ jẹ́ 130 léṣìí, ó di 142 lọ́dún yìí. A jọ fi rẹ́rìn-ín ni. Mo bẹ̀ ọ́, lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ Ajé, kí o sì sọ nọ́ńbà méjèèjì fún wọn. Ohun yòówù tí wọ́n bá sọ, fi tó mi létí. Èmi tí mo purọ́ fún ìyàwó mi, ta ni mo fẹ́ bá wí?

Bá mi kí Màmá, má sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ràn rẹ, mi ò sọ ọ́ rí. Nínú gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ tó mọ̀ mí kí n tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú, ìwọ nìkan ló kù.

Èmi ni tìrẹ láti ilé kéú,
Gàníyù