Kẹ̀kẹ́ Mẹ́rin Lórí Lọ́rì Lawrence

Mọ́ńdè, 5 Fẹ́búárì 1962

A gúnlẹ̀ sí Igbókòdá láàárọ̀. Ìdílé mẹ́rin, kẹ̀kẹ́ mẹ́rin, àpò pupurú mẹ́fà, ìkòkò tí mi ò lè kà tán. A ń lọ pàgọ́ sí igbó lẹ́yìn Òkìtìpupa, ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀, láti gé igi tí wọn ó fi kan ọkọ̀ nílé, ní Ayétòrò. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tèmi rèé.

Iṣẹ́ mi – kẹ̀kẹ́. Bàbá Èlíjà ni olórí wa. Bàbá Pákó ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, kò gbọdọ̀ rí i. Ó ní kí n máa bójú tó kẹ̀kẹ́ torí mo ti ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rí. Ọdún méje ni mo fi rọ̀ mọ́ ìdí lọ́rì, Òkìtìpupa sí Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí ohun tí mi ò dè rí. Ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀dì ìyàwó. Pósí tó ní ẹni nínú.

Kí n tó sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, Bàbá Pákó ti fi okùn àwọ̀n de kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì tó wá kó wa, ìso apẹja. Mo ní, Bàbá, ìso yìí dáa fún ohun tó ń léfòó. Ó ní òun ti ń so nǹkan kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Ó ku díẹ̀ ká wọ Òkìtìpupa, kẹ̀kẹ́ kan já bọ́, ó ń fi táyà ẹ̀yìn tọ̀ wá bí ajá tí wọ́n fà lókùn. Hánà ẹ̀gbọ́n mi ló rí i. Ó ní, "Ẹ wẹ̀yìn o, ọ̀kan ti ní òun ó máa fẹsẹ̀ rìn." Lawrence tó ń wa lọ́rì dúró. Wáyà mẹ́ta ti dá nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà. Bàbá Pákó wo ìso rẹ̀ títí, ó ní ọ̀nà ni ò dáa.

Mo tú gbogbo ẹ̀. Mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, mo yọ pẹ́dálì, mo ki àpò pupurú sáàárín wọn kí irin má ha irin, mo dojú wọn dé lórí ẹrù, mo fa okùn gba abẹ́ pákó lọ́rì. Wọn ò mira mọ́ títí a fi dé.

Túsìdeè, 6 Fẹ́búárì

Àgọ́ ti dúró. Ewé ọ̀pẹ àti tapólì.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: mi ò bá wọn padà. Èmi àti Lawrence la jọ rọ̀ mọ́ lọ́rì kan náà nígbà yẹn. Ó ti di dírẹ́bà báyìí. Ó ní ẹ̀yìn ọkọ̀ òun ṣófo. Lọ́jọ́ tó bá wá kó wa, ó di Igbókòdá, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, èmi ó bá Lawrence lọ. Ó tán.

Ẹ̀gbọ́n mi Hánà ni mo wá kí ní Ayétòrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo dá. Ọdún kan ààbọ̀ rèé, mi ò tíì kí i tán. Wọn ò ṣẹ̀ mí o. Mo ń jẹ, mo ń sùn, wọ́n kọ́ mi ní ìwé tí mo ń kọ yìí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò sí tó jẹ́ tẹnì kan níbẹ̀. Ọkọ̀, ẹ̀wù, kẹ̀kẹ́, ti gbogbo wa ni. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Sálúbàtà mi dà?" Èèyàn mẹ́ta wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Tọ́sìdeè, 8 Fẹ́búárì

Òjò. Nínú Fẹ́búárì.

Sátidé, 10 Fẹ́búárì

Mo tún wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe bí mo ṣe mọ, pẹ̀lú wáyà tí wọ́n fi ń di ilé.

Àwọn èèyàn wa ń rí mi lára nígbà tí wọ́n bá gun kẹ̀kẹ́. Orí afárá pákó ni wọ́n ti kọ́ ọ, omi lápá ọ̀tún, omi lápá òsì. Títì ibí fẹ̀ tó lọ́rì méjì, síbẹ̀ àárín gbùngbùn ni wọ́n ń tọ̀, gbọnrangandan, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, bíi pé ẹni tó bá yà díẹ̀ á rì. Ará abúlé kan bi mí bóyá ìsìn ni wọ́n ń ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sọ́ńdè, 11 Fẹ́búárì

Àdúrà. Bàbá Pákó gbàdúrà fún "Jọọlá ọmọ wa." Èmi nìyẹn. Mo la ojú kan. Ojú tiẹ̀ wà ní dídì.

Wẹ́síde, 14 Fẹ́búárì

Wàhálà ti dé, ó dẹ̀ ní iná iwájú tó ń dán.

Mósè ni. Ọkọ Hánà, àna mi, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dun ilẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ ra iyọ̀ l'Ókìtìpupa. Kẹ̀kẹ́ mìíràn ló gùn bọ̀. Tuntun. Ó ní iná níwájú, wọ́n fi awọ bo ìjókòó ẹ̀. Mo bi í níbo ló ti rí i. Ó ní táyà tiwa bẹ́, òun wá gbé e ti ògiri, òun mú èyí tó dúró síbẹ̀.

Mo ní, ta ló ni ín?

Ó ní, "Ó dúró."

Bó ṣe rí nílé nìyẹn lóòótọ́. Kẹ̀kẹ́ tó bá dúró, kò ní iṣẹ́, ẹni tó bá ń lọ ni kó mú un. O gbé èyí sílẹ̀, o mú tọ̀hún. Mo ní, àna mi, lókè níbí, kẹ̀kẹ́ tó dúró ń dúró de ẹnì kan ni. Ó rò ó. Ó ní ẹni náà á ti mú tiwa. Mo ní táyà ẹ̀ ti bẹ́. Ó ní ẹni tó bá rí i á lẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lójú ẹ̀. Ó jókòó, ó ń da iyọ̀ sínú agolo.

Mo gun kẹ̀kẹ́ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí n tètè dá a padà. Ní agbedeméjì ọ̀nà, ẹni tó ni ín ń bọ̀ pẹ̀lú èèyàn mẹ́fà. Adégbóyè lorúkọ ẹ̀, òun ló ń wọn ekùrọ́ fún àwọn oníṣòwò. Ta ló bá lórí kẹ̀kẹ́? Èmi.

Ọdún méje ní gáréèjì, ẹnikẹ́ni ò pè mí lólè. Ọdún kan ààbọ̀ láàárín àwọn ẹni mímọ́ Ayétòrò, mo gba orúkọ náà.

Tọ́sìdeè, 15 Fẹ́búárì

Àgbàlá Olówòkéré, baálẹ̀ abúlé tó wà nítòsí àgọ́ wa. Gbogbo wa lọ. Mósè dìde, kò jẹ́ kí wọ́n bi í, ó ní òun lòun mú un, kì í ṣe Jọọlá, ó sì ṣàlàyé bó ṣe dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adégbóyè ò rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ ti gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n kó kẹ̀kẹ́ tiwa náà wá, títí kan èyí tí táyà ẹ̀ bẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò síwájú ẹ̀. Ó nàka sí ọ̀kan, ó ní ta ló ni ín. Bàbá Pákó ní, "Gbogbo wa ni, Baálẹ̀." Èkejì ńkọ́? Gbogbo wa. Ẹ̀kẹta? Hánà ló dáhùn ìyẹn, gbogbo wa. Nígbà tó dé ẹ̀kẹrin, kò nàka mọ́.

Ó ní, "Ogún èèyàn. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè ní tòun ni. Ẹ̀yin ará omi, èmi náà ti dàgbà."

Ó ní ẹni tí ò mọ olówó ohun tó wà lọ́wọ́ ara ẹ̀, ó ti hàn ibi tó ti rí i. Ó gbẹ́sẹ̀ lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí olówó wọn ò bá yọjú títí Sátidé, wọ́n di ti abúlé.

Fúráìdè, 16 Fẹ́búárì

Odò jìnnà sí àgọ́. Orí ni wọ́n fi ru omi lónìí, àti igi ìdáná. Ọrùn Hánà ń ro ó.

Mo lọ bá Bàbá Pákó. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni baálẹ̀ ń wá, kó ṣáà ní tòun ni, ká kó wọn lọ. Ó ń pọ́n àáké. Ó ní òun ò lè fi ẹnu òun gba ohun tí kì í ṣe tòun nìkan. Mo ní kí Mósè sọ ọ́ nígbà náà. Ó ní kí n bi Mósè. Mo bi Mósè. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó jẹ ejò.

Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ò kéré. Mọ́kànlá péré ló wà ní gbogbo Ayétòrò.

Sátidé, 17 Fẹ́búárì

Mo sọ ọ́.

Mo dìde ní àgbàlá baálẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Tèmi ni gbogbo wọn."

Mo gbọ́ tí Bàbá Pákó mí sókè lẹ́yìn mi.

Baálẹ̀ ní kí n fi àmì sọ. Ìyẹn rọrùn. Èmi ni mo tú wọn, èmi ni mo tò wọ́n. Eléyìí, wáyà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mẹ́ta. Èyí, pẹ́dálì òsì ò wọlé tán. Èyí, wọ́n ti jó ọrùn ẹ̀ pọ̀ rí. Èyí, aago ẹ̀ kì í dún àfi tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè. Wọ́n gùn ún sọ̀ kalẹ̀. Ó dún. Baálẹ̀ ní kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí. Mo ní ojú ló ń tì mí, mo ní mẹ́rin, àwọn èèyàn mi ò ní ọ̀kan.

Ó yé e. Ìyẹn ló yé e jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa láti ọjọ́sí. Akọ̀wé ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé Jọọlá ọmọ Ògúnlànà ló ni kẹ̀kẹ́ mẹ́rin. Mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sí i, ó sì já ìwé náà fún mi. Mósè tọrọ àforíjì, Hánà gbé ẹja gbígbẹ fún Adégbóyè, òun náà fọwọ́ wọ́nú. Ó tiẹ̀ bi Mósè bóyá lóòótọ́ ni ibì kan wà tí kẹ̀kẹ́ ń dúró bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó so ó.

Nígbà tí à ń padà, wọn ò bínú sí mi. Hánà nìkan ló sún mọ́ mi. Ó ní, "Olówó kẹ̀kẹ́, ẹ kú ọrọ̀ o."

Mọ́ńdè, 19 Fẹ́búárì

Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ láìbi mí. Ìyàwó kan fẹ́ lọ pọn omi, ó kúnlẹ̀. Mo ní ẹ mú un jọ̀ọ́. Mósè fẹ́ lọ sọ́jà: àna mi, ṣé ẹ lè yá mi? Bàbá Pákó fúnra ẹ̀ ṣí fìlà, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Jọọlá, ẹ ṣàánú mi, ẹ yá mi ní ọ̀kan dé ibi igi." Mo wo ojú ẹ̀ bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Mi ò mọ̀ pé bí èèyàn ṣe ń ní nǹkan nìyí. Ó ń rẹ̀ mí.

Wẹ́síde, 21 Fẹ́búárì

Ọ̀la ni lọ́rì ń bọ̀.

Bàbá Pákó pè mí jókòó sórí ìtì igi. Ó ní ìbéèrè kan ni òun ní. Ohun tí mo sọ níwájú baálẹ̀, òótọ́ ni àbí irọ́?

Ó ní bó bá jẹ́ òótọ́, kẹ̀kẹ́ tèmi ni, kò sẹ́ni tó máa bá mi jà lé wọn lórí. Kí n kó wọn, kí n bá Lawrence lọ. Wọn ó gbàdúrà fún mi. Bó bá jẹ́ irọ́, mo ti purọ́ níwájú àgbà, mo sì mọ̀ pé wọn kì í fojú fo irú ẹ̀ nílé.

Mo ní ta ló sọ ọ̀rọ̀ Lawrence fún un. Ó ní, "Jọọlá, láti ọjọ́ tó o ti dé ni ẹsẹ̀ rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwa kàn ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá ni."

Ó ní kí n dá òun lóhùn lọ́la, lójú gbogbo èèyàn.

Ìwé akọ̀wé wà nínú àpò mi. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ mẹ́rin l'Ókìtìpupa, kò ní rọ̀ mọ́ ìdí lọ́rì ẹnikẹ́ni mọ́. Á máa fi wọ́n háyà, á jókòó sábẹ́ igi. Mo ti ro ó dáadáa. Mo rí igi ọ̀hún gan-an. Mi ò rí ẹlòmíràn lábẹ́ ẹ̀.

Tọ́sìdeè, 22 Fẹ́búárì

Igbókòdá ni mo ti ń kọ èyí, à ń dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Lawrence dé láàárọ̀. Wọ́n di igi, wọ́n di ìkòkò, wọ́n di ẹní. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sún mọ́ wọn. Lawrence fọn fèrè, ó ní, "Jọọlá, ṣé tìẹ la kọ́kọ́ ń dì ni, àbí tiwọn?"

Gbogbo wọn dúró. Hánà yíjú síbòmíràn.

Mo ní, "Bàbá, irọ́ ni mo pa."

Mo fún un ní ìwé akọ̀wé. Ó kà á, ó ká a, ó ní àwọn àgbà ilé á rí i. Ó wá sọ ìyà mi síbẹ̀, lójú Lawrence tó yanu sílẹ̀: oṣù méjì, èmi nìkan ni n ó máa tún pákó afárá ìlú ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Mo ní ó dáa. Lawrence ní, "O ya wèrè." Mo ní bóyá. Nígbà tí a kọjá l'Ókìtìpupa, ó wá ẹlòmíràn, ó sì rí i kíákíá.

Kí lọ́rì tó ṣí ní àgọ́, mo ń wá okùn tí n ó fi de kẹ̀kẹ́. Mósè ti gbé kẹ̀kẹ́ tó sún mọ́ ọn jù lọ, ó sọ ọ́ sókè lọ́rì, ó padà wá gbé ìkejì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

Kò bi mí.