Ìlà Kan tí Mo Pa Rẹ́

                                        Yàrá Kọ̀ǹpútà,
                                        Ilé Ìwòsàn Ojú.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí lẹ́tà yín gbà, ọkàn mi ò sì balẹ̀ látìgbà náà. Ẹ ní àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù màmá yín tó ti dolóògbé, pé kí wọ́n wá fún àyẹ̀wò ojú, kí wọ́n má gbàgbé gíláàsì wọn. Ẹ ní ìyàwó àbúrò yín lẹ fura sí, pé ó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sì máa lé e jáde nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e. Ọwọ́ mi ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti wá.

PHP, èdè kọ̀ǹpútà kan, la fi kọ ètò tí à ń lò níbí. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló ní àkójọ ìsọfúnni tirẹ̀ tó máa ń bá a wá láìjẹ́ pé a pè é. Módẹ̀lì là ń pè é. Bó bá máa ka òmíràn kún un, àfi kéèyàn kọ ìlà kan tó máa pè é wá. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo ṣí ibi tí a ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe àwọn aláìsàn tí ọjọ́ àyẹ̀wò wọn tó, mo sì rí i pé ẹnì kan ti pe módẹ̀lì mìíràn síbẹ̀. Ìsinmi lorúkọ ẹ̀.

Ara fu mí. Kí ni ìsinmi àwa òṣìṣẹ́ ń wá láàárín orúkọ aláìsàn? Bàbá Jẹ́jẹ́ ló kọ ọ́, àgbà ọ́fíìsì wa tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ kì í ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Kí n má purọ́ fún yín, mo gba ìsinmi àìsàn ọjọ́ méjì lóṣù tó kọjá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mìíràn ni mo lọ wá. Mo ní ó tán, bàbá yìí ti ń tọpa mi, ó fẹ́ kí wọ́n lé mi. Bó bá rẹ́rìn-ín, màá ní ó ti rí i. Bó bá dákẹ́, màá ní ó ń kọ ẹjọ́ mi lọ́wọ́. Bó ṣe jáde lọ jẹun báyìí, mo pa ìlà náà rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Àmọ́ mo lo tèmi kọjá ìwọ̀n.

Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà yín, mo lọ jẹ́wọ́ fún un. Kò bínú. Ó ní àwọn tó ti lọ sinmi ló wà nínú Ìsinmi, orúkọ màmá yín náà wà níbẹ̀, kí a má baà pe òkú wá fún àyẹ̀wò. Ó ní fóònù ìyàwó òun wà lọ́wọ́ òun nígbà tí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn wọlé, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n sin ín. Ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ ìlà náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí gan-an. Mo ti dá ìlà náà padà.

Ẹ forí jì mí. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ kí ìyàwó àbúrò yín náà fún mi, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Afura.