Ìkíni Olójú-Ìwé Mẹ́fà

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Wàhálà ti dé. Ọ̀gá pè mí wọ yàrá rẹ̀ láàárọ̀, kò tiẹ̀ ní kí n jókòó. Ó ní ilé-iṣẹ́ fóòmù, oníbàárà wa tó tóbi jù, fẹ́ tún lọ́yà yàn lóṣù yìí. Pé ilé-iṣẹ́ lọ́yà méjì mìíràn ti ń yọ́ lọ síbẹ̀. Pé bí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ wa, bó bá ṣe pé wọ́n kúrò, á jẹ́ pé kò sídìí tí òun fi ń sanwó fún ẹni tó ń wá ojúure oníbàárà. Èmi nìyẹn. Èmi nìkan ni mò ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn níbẹ̀.

Ọ̀gá yìí – Bó-bá-ṣe-pé ni mo sọ ọ́ látọjọ́ tí mo débẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi "bó bá ṣe pé" ṣíwájú. Lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀ kíkankíkan, omi ti ta sí i láṣọ, ó ní bó bá ṣe pé òjò ló ń rọ̀ yìí, ká ti fèrèsé.

Mo délé, Mọ́mì tún bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Ṣé àwọn lọ́yà náà ń polówó ara wọn bí ọṣẹ? (Ọṣẹ ni mò ń polówó kí n tó débí.) Mo ní rárá, òfin iṣẹ́ wọn ò gbà kí wọ́n pariwo ọjà. Èmi ni mò ń bá wọn wá ojúure àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, jẹ́jẹ́, láìpariwo. Ó ní ó ti yé òun, alárinà ni mí. Kí n ṣọ́ra o, pé bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Mo ní Mọ́mì, ìyàwó ọ̀hún ti ń di ẹrù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kó jókòó ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Mo pe akọ̀wé Màmá Fóòmù. Màmá Fóòmù ni àgbà lọ́yà nínú ilé-iṣẹ́ fóòmù náà, òun ló sì ń yan àwọn lọ́yà ìta bíi tiwa. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan.

Akọ̀wé kọ́kọ́ ń pa ọ̀rọ̀ mọ́nú. Mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú ìjókòó, mo béèrè àwọn ọmọ. Ló bá tú u sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé a ò mọ ẹjọ́ rò. Èèyàn la ò mọ̀ ọ́n kí. Látìgbà tí òun ti wà lórí àga yẹn, kò sí lẹ́tà wa kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ kú nǹkankan. Wọ́n yọ eyín Màmá Fóòmù, a fi ìwé ẹjọ́ ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ṣègbéyàwó, a fi ìwé ẹjọ́ ránṣẹ́. Ó ti wá sú obìnrin náà.

Ojú tì mí. Àwa tí a ń kí ẹni tó jókòó, tí a ń kí ẹni tó dúró, tí a ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà dé!

Àmọ́ ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá Fóòmù á pé ọgọ́ta ọdún. Mo fò sókè lórí àga. Ó ní kí n má kàn yọjú síbẹ̀ o, ọ̀gá òun ń sá fún àwọn tó ń gbé ìwé ẹjọ́ kiri lásìkò yìí. Ọkùnrin kan ló ra fóòmù wọn, ó ní fóòmù ọ̀hún ń jẹ́ kóun lá àlá burúkú, ó sì fẹ́ pe Màmá Fóòmù gan-an lẹ́jọ́. Bí ìwé ò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 4

Káàdì ti wà nílẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́: "Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Mà. Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àwa lọ́yà yín la kí yín." Ó dùn mọ́ mi nínú! Àwọn ọ̀gá á wò ó ní ìpàdé ọ̀la. Kí ló tún kù tó lè ṣẹlẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 5

Ó ṣẹlẹ̀.

Bébà kankan kì í jáde nílé-iṣẹ́ yìí kí lọ́yà má fojú sí i. Bó-bá-ṣe-pé jókòó sídìí tábìlì, igbákejì rẹ̀ jókòó tì í. Àmọ́-ṣá ni mo sọ igbákejì yẹn, kò sí ohun tí èèyàn sọ rí tí kò fi "àmọ́ ṣá o" dá a lóhùn. Wọ́n ka káàdì mi bí ẹni ka ìwé ìpíngún.

"Ẹ kú ọjọ́ ìbí." Àmọ́-ṣá ní ta ló sọ fún wa pé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Mo ní akọ̀wé rẹ̀ ni. Ó ní ṣé akọ̀wé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Mo ní Sà, wọn ò tíì bí akọ̀wé nígbà yẹn. Ó ní àmọ́ ṣá o, gbọ́yìí-sọ̀yìí nìyẹn, ilé ẹjọ́ ò ní gbà á wọlé.

"Ẹ ó gbó." Bó-bá-ṣe-pé ní bó bá ṣe pé obìnrin náà ò fẹ́ gbó ńkọ́? A ti pè é ní arúgbó lórí bébà, ìbanilórúkọjẹ́ ni. "Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀." Wọ́n ní ìlérí nìyẹn. Púpọ̀ mélòó? Bó bá wá ṣe ẹyọ kan péré tó sì papòdà, ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní pè wá lẹ́jọ́?

Mo ní ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àdúrà ni. Àmọ́-ṣá kọ ọ́ sílẹ̀ – àdúrà. Ó gbójú sókè. Ó ní sí ta ni? Pé a gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí à ń gbà á sí, ká sì rí i pé ó gbà láti dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Mo jáde lọ mu omi.

Ọjọ́ Ajé, 9

Káàdì mi ti di ojú ìwé mẹ́fà lọ́wọ́ wọn! Mẹ́fà!

Mo da díẹ̀ kọ síbí, kó má baà dà bíi pé mò ń purọ́ mọ́ wọn: "Bó bá ṣe pé òní ni a bí ẹni tí a kọ ìwé yìí sí, tí a ó máa pè ní Ẹni Tí A Kí láti ìhín lọ, àwa, tí a ó máa pè ní Àwọn Tó Ń Kí, ń kí i, láìjẹ́ pé ìkíni yìí di dandan fún wa lọ́dún mìíràn." Gbogbo ojú ìwé kẹrin, ìtumọ̀ "gbó" ni. Lójú ìwé tó kẹ́yìn, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún Màmá Fóòmù láti fọwọ́ sí i pé òun rí ìkíni gbà.

Mo gbé e relé. Mọ́mì wọ awò ojú, ó kà á dé ojú ìwé kejì. Ó ní háà! Kí lobìnrin yìí ṣe tí wọ́n fi fẹ́ lé e kúrò nílé?

Ọjọ́rú, 11

Mo ti pinnu. Káàdì kékeré tèmi ló ń lọ, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó máa bínú. Mo ti fi í sínú apẹ̀rẹ̀ ìwé tó ń jáde, kí n lè rí i gbé lọ ní kùtùkùtù ọ̀la. Mo ti ojú ìwé mẹ́fà wọn bọ inú dúrọ́ọ̀ mi.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo gbé!

Àmọ́-ṣá ló ṣáájú mi dé iṣẹ́. Ó rí káàdì mi nínú apẹ̀rẹ̀, kò sí òǹtẹ̀, kò sí ìfọwọ́sí. Ó ní àánú mi ṣe òun, ó ní mo ti gbàgbé. Àánú o! Ó mú káàdì mi kúrò, ó gbé e sórí tábìlì mi, ó tún ojú ìwé mẹ́fà tẹ̀ jáde, ó lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbàgbàgbà, ó sì gbé e fún Ẹsẹ̀-Yá.

Ẹsẹ̀-Yá lẹni tó ń bá àwa àti àwọn lọ́yà mìíràn gbé ìwé ìpè-ẹjọ́ lé èèyàn lọ́wọ́. Òfin kan ló mọ̀ láyé yìí: ìwé gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bó bá kọ̀ ọ́, jù ú sí i lẹ́sẹ̀, kó o máa lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìkíni ni. Ojú ìwé mẹ́fà pẹ̀lú òǹtẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó rò?

Akọ̀wé pè mí lọ́sàn-án. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun àbí ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní Màmá Fóòmù wà nínú ilé ìkẹ́rùsí, ó ń yẹ fóòmù tuntun wò, ló bá rí Ẹsẹ̀-Yá lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ ọ́n, ta ni ò mọ Ẹsẹ̀-Yá? Ó ti rò pé ìwé ọkùnrin alálàá burúkú ló dé. Ló bá ká aṣọ sókè, ó bẹ́ eré! Ẹni ọgọ́ta ọdún! Ẹsẹ̀-Yá gbá tẹ̀ lé e láàárín fóòmù, ó ń pariwo pé Mà, ẹ dúró, ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ sí o! Màmá Fóòmù gun òkìtì fóòmù kan. Òkìtì yẹ̀. Ó ṣubú sórí òkìtì kejì, fóòmù gbé e sókè, ó tún gbà á padà. (Fóòmù dáadáa ni wọ́n ń ṣe ṣá.) Ẹsẹ̀-Yá fi ìwé sí i lẹ́bàá ẹsẹ̀, ó ní òun ti jíṣẹ́ o, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí a ṣe kí i kú ọjọ́ ìbí nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Kò sí ìró kankan láti ilé-iṣẹ́ fóòmù.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Mọ́mì ní iṣẹ́ ọṣẹ náà ò burú. Mo pe ọ̀gá mi àtijọ́ níbẹ̀, ó ní wọ́n ti gba ẹlòmíì. Mo wọ bálùwẹ̀ lọ sunkún. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Àwọn wèrè wọ̀nyẹn pàápàá, mo fẹ́ràn wọn. Mọ́mì kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé ọṣẹ ló kó sí mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Èsì dé. Ọkùnrin kan gbé e wá láti ilé-iṣẹ́ fóòmù, ó ní àfi ọ̀gá pátápátá lòun máa fún. Kí Bó-bá-ṣe-pé tó lanu, ọkùnrin yẹn ti ju àpò ìwé sí i lẹ́sẹ̀, ó ti yí padà. Ọ̀gá mi ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga.

Àmọ́-ṣá ló kà á sókè. "Èsì Ẹni Tí A Kí sí Àwọn Tó Ń Kí." Àkọ́kọ́, Ẹni Tí A Kí gbà pé wọ́n bí òun. Ìkejì, ó sẹ́ kanlẹ̀ pé òun ti gbó. Ẹni tó bá ti gbó ò lè sá irú eré tí òun sá lọ́jọ́ náà, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí sì ni ẹlẹ́rìí òun. Ìkẹta, ní ti "púpọ̀", ogójì ọdún sí i lòun fẹ́, òun ò sì ní gbà kó dín. Àmọ́-ṣá mi orí, ó ní àmọ́ ṣá o, obìnrin yìí mọ èsì í kọ. Èmi ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń fọwọ́ di ikùn mú.

Ìkẹrin ló pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní kí àgbà lọ́yà wa wá síwájú òun lọ́jọ́ Ẹtì, láìmú bébà kankan dání, kó fi ẹnu ara rẹ̀ kí òun kú ọjọ́ ìbí. Kó má fi nǹkankan ṣíwájú ìkíni, kó má fi nǹkankan tẹ̀ lé e. Bí kò bá lè ṣe é, ká túká.

Mo pe akọ̀wé. Ó ní látọjọ́bọ̀ lọ̀gá òun ti ń dá rẹ́rìn-ín nínú ọ́fíìsì, àmọ́ lórí ìkẹrin yìí, kò ṣeré o.

Ọjọ́rú, 18

A ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó bíi Màmá Fóòmù, mo fajú ro. Bó-bá-ṣe-pé dúró níwájú mi. Ó ní bó bá ṣe pé ẹ kú ọjọ́ ìbí. Rárá, Sà. Ẹ kú ọjọ́ ìbí, bó bá ṣe pé. Rárá, Sà! Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó tún gbìyànjú, "bó bá ṣe pé" gba abẹ́ ọwọ́ jáde.

Nígbà tó yá, ó jókòó. Ó ní látìgbà tóun ti ń ṣe lọ́yà, òun ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tí òun ò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún. Ẹ̀rù máa ń ba òun. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba irú wọn. Mo bu omi fún un, a tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19

Ọ̀gá sọ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan péré. Àga ló kí.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Nínú mọ́tò, ẹnu ọ̀gá ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, kò wò mí. Àmọ́-ṣá fẹ́ bá wa lọ. Mo ní ẹ má bínú, Sà, ẹ jókòó sílé.

Màmá Fóòmù wà lẹ́yìn tábìlì, akọ̀wé wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí sì ti lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Ọ̀gá mi dúró. Ó la ẹnu. Ó ní: "Bó..."

Ó pa ẹnu dé. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Ó tún la ẹnu.

"Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Mà."

Ó dákẹ́. Ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn látinú, kò ṣí i. Màmá Fóòmù dúró, ó ń retí rẹ̀. Gbogbo wa ń retí rẹ̀. Kò jáde. Àwọn tó wà ní fèrèsé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Màmá Fóòmù ní ẹ ṣé o, ẹ jókòó. Ó ní ó tó, ká máa bá iṣẹ́ wa lọ, ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin alálàá burúkú yẹn. Mo yọ káàdì kékeré mi nínú báàgì, mo fún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e dúró sórí tábìlì rẹ̀. Ó ní àmín.

Bí a ṣe ń padà, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní Sà, iṣẹ́ mi ńkọ́? Ó kọjú sí fèrèsé. Ó ní iṣẹ́ mi dúró, pé mo ṣeun.

Mò ń retí "bó bá ṣe pé" rẹ̀. Títí a fi dé ibi iná pupa, mò ń retí rẹ̀. Títí a fi dé ọ́fíìsì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó wọlé lọ. Kò sọ ọ́.

Mo sọ fún Mọ́mì pé iṣẹ́ mi dúró, ó ní kí n mú ìwé rẹ̀ wá kóun rí i. Mo ní kò sí ìwé, Mọ́mì. Ẹnu ló fi sọ ọ́.