Kókó Okùn Rẹ̀ Kò Tú

Láti ọwọ́ akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo Ẹgbẹ́ Àwọn Olùyẹ̀wò àti Olùtọ́jú Afárá

Sí Ìyá wa Aránṣọ, àti gbogbo ẹbí

Ìyá wa ọ̀wọ́n,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni a jókòó láti kọ̀wé sí yín. Ìbínú wà nínú ìbànújẹ́ náà, a kò sì ní fi í pamọ́ fún yín, nítorí ẹnìkan ti kọ̀wé sí yín ṣáájú wa, ohun tó kọ kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ìròyìn ikú ọmọ yín dé bá wa, òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Bàtà iṣẹ́ tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrẹ̀. Ife tíì ọmọ yín wà lójú fèrèsé, ó dojú rẹ̀ dé bí ó ti máa ń ṣe kí eruku má baà wọ inú rẹ̀. Bàbá tí òun àti ọmọ yín jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ afárá ló kọ́kọ́ wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Akoto iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, òmíràn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Bàbá, ta lẹ já akoto gbà lórí ẹ̀?" A rẹ́rìn-ín. Bàbá náà gbé akoto kejì, ti ọmọ yín, kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ wa lẹ́nu. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ẹ-Gbọ́-Ná ni àwa ń pe ọmọ yín. Bí ó bá ti gbé òòlù sókè lábẹ́ afárá, tí tírélà ń sán bí ààrá lókè orí wa, yóò ní, "Ẹ gbọ́ ná," gbogbo wa yóò sì panu mọ́. Yóò wá fi òòlù kan kọnkéré náà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. Bí ó bá dún kan-an, ara rẹ̀ le. Bí ó bá dún bọ̀ọ̀ bí ìkòkò tó ti sán, yóò fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká. Ó máa ń sọ pé afárá kì í kú lójijì. Àwọn tó ń gùn ún ni kì í gbọ́ nígbà tó ń ráhùn.

Òun ló kọ́ wa pé omi ni ọ̀tá afárá, kì í ṣe tírélà. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, iyanrìn àti ọ̀rá ti dí àwọn ihò tí omi òjò ń gbà kúrò lójú afárá, kò sì sẹ́ni tó kà á sí iṣẹ́ ẹnjiníà. Ẹnjiníà ni òun, ó kàwé dójú àmì, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ kó o. Ó ní omi tí kò bá rọ́nà lọ, ọ̀dọ̀ irin inú kọnkéré ni yóò dé sí, àlejò tí í jẹ onílé rẹ̀ run sì ni.

Ẹ ó rántí ìgbà tí ó ní kí a ti apá kan afárá àtijọ́ tó wà nítòsí ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Awakọ̀ kan yọrí jáde sí i níbi tó dúró sí nínú oòrùn, ó ní, "Màdáámú, ṣé afárá bàbá yín ni?" Ó dá a lóhùn pé, "Ká ní ti bàbá mi ni, mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gùn ún rárá." Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún bú u. Nígbà tí a la kọnkéré náà, irin tó yẹ kó tó àtàǹpàkò ti rù bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ yín. A tún un ṣe. Àwọn tó bú u ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó padà wá kí i kú iṣẹ́. Kò retí rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń tọ́jú afárá dà bí ẹni tó ń gbálẹ̀: ọjọ́ tí kò bá gbá a ni wọ́n ń rántí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ fún wa, aṣọ pupa ló súnmọ́ yín jù. Lábẹ́ afárá ńlá, ọ̀nà tóóró kan wà tí àwa olùyẹ̀wò ń tọ̀, ó sì ní irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin yìí ni a ń so okùn ààbò mọ́, òun náà sì ń dógùn-ún. Níbikíbi tí ọmọ yín bá ti rí irin tí kò ṣeé gbára lé, yóò so àjákù aṣọ pupa mọ́ ọn, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín gé fún un ní ṣọ́ọ̀bù yín. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá pààrọ̀ irin náà nìkan ló gbọ́dọ̀ tú aṣọ náà. Bí aṣọ bá wà, má fara tì í. Bí aṣọ bá ti kúrò, wọ́n ti ṣe é. Gbogbo wa ló gba òfin yìí gbọ́. Òun ló gbà á gbọ́ jù.

Ó wà nínú ìsinmi rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní àlejò ńlá kan máa gba orí afárá náà kọjá. Wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n kùn ún lókè, wọ́n kùn ún nísàlẹ̀. Àwọn tó ń kun ọ̀dà kò mọ òfin wa. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ wa mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi í pé kí ni kí àwọn ṣe sí àwọn àkísà pupa wọ̀nyí. Ó ní kí wọ́n já wọn dànù, wọ́n ń ba ojú afárá jẹ́. Lẹ́yìn ikú ọmọ yín ni a tó gbọ́ èyí lẹ́nu wọn.

Nígbà tí ọmọ yín padà sẹ́nu iṣẹ́, ó bèèrè nínú ìpàdé, létí gbogbo wa, pé, "Ọ̀gá, irin ẹ̀gbẹ́ òpó kẹta yẹn ńkọ́?" Ọ̀gá àgbà kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. Ó ní, "A ti mójú tó o." Ọmọ yín dúpẹ́. Ìyá wa, ẹ gbọ́ bí a ti wí: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi òpó kẹta. Kò rí aṣọ pupa. Irin tó ń dán ló rí. Ó so okùn rẹ̀ mọ́ ọn, ó kan kọnkéré, ohùn rẹ̀ kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fara ti irin náà láti wo òkè dáadáa. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ná." Bàbá tó wà pẹ̀lú rẹ̀ dákẹ́ láti gbọ́. Ohun tó gbọ́ ni irin tó já. Àpáta etí odò ló wà nísàlẹ̀. Dókítà sọ pé kò jìyà pẹ́, a sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó wù wá láti gbà bẹ́ẹ̀.

Ìwé ọ̀gá àgbà dé ọ̀dọ̀ yín ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú òdòdó. Ó ní àìbìkítà ni, pé olóògbé kò so okùn ààbò. Rédíò kà á, àwọn oníbàárà yín sì gbọ́. Nígbà tí a wá kí yín, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣín-ìnnì, ẹ bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni pé kò so okùn? Ọmọ tí mo kọ́ ní kókó títa kó tó mọ ABD?" Bàbá tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ti sọ pé ó so ó, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ní jìnnìjìnnì ló ń da bàbá náà láàmú, a kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán wá fún yín.

Ìdáhùn yín rèé. A lọ sí etí odò. Irin náà wà nínú koríko, ọ̀dà tuntun lára rẹ̀, inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun pupa. Okùn ọmọ yín wà lára rẹ̀. Àwọn tó gbé ọmọ yín lọ sí ilé ìwòsàn ti gé okùn náà níbi bẹ́líìtì rẹ̀. Kókó náà le dan-in, ó yí irin náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ìdí rẹ̀ sì wọ abẹ́ bí ẹ ti kọ́ ọ. Kókó rẹ̀ kò tú. Irin iléeṣẹ́ ló já.

A gbé e wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì rẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Ó ní, "Ẹni tó kú ti kú. Ẹ gbé e kúrò, ó ń da ìpẹtà sórí ìwé mi." A kò gbé e. A sọ fún un pé kò sí olùyẹ̀wò tí yóò wọ abẹ́ afárá kankan títí rédíò yóò fi ka òtítọ́. Lánàá ni wọ́n kà á, lẹ́yìn ìkéde ewúrẹ́ kan tó sọnù: wọ́n ní ìwádìí fi hàn pé olóògbé so okùn. Wọn kò sọ ẹni tó ní kí wọ́n já aṣọ. Nítorí náà ni a ó fi lẹ ìwé yìí mọ́ ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́, a ó sì kà á sókè létí sàréè rẹ̀.

Ní ti ọmọbìnrin tó fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Bí ó bá dàgbà tó sì bèèrè irú ikú tó pa ìyá rẹ̀, ẹ má ṣe dá nìkan dá a lóhùn. Ẹ rán an sí wa. Irin náà, okùn náà àti kókó náà yóò wà lọ́dọ̀ wa dè é.

Kí Ọlọ́run, tí ojú Rẹ̀ ń rí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà, tù yín nínú. Kí Ó fún yín ní oorun, kí Ó sì di yín mú níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò dé. A kò bẹ̀ Ẹ́ pé kí Ó jẹ́ kí ẹ gbàgbé.

Ní òwúrọ̀ òní, kí a tó fọwọ́ sí ìwé yìí, a sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ afárá náà. Àwọn àjákù aṣọ pupa tó ṣẹ́kù wà nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ ọmọ yín, ẹ ti ṣẹ́ etí wọn kí òwú má baà máa yọ. A so wọ́n padà síbi gbogbo tí ó ti so wọ́n sí rí. Bàbá tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló so èyí tó kẹ́yìn, mọ́ kùkùté irin tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kẹta. Kókó yín kò tètè yé e. Ó tú u, ó tún un ta, títí ó fi mú. Lẹ́yìn náà ó gbé òòlù sókè, ó ní, "Ẹ gbọ́ ná."

A dákẹ́.