Orúkọ Mọ́kànlá Tí Wọ́n Ní Kí N Yọ

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù kejì 1987

Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n mo sọ tẹnu mi.

Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo jẹ́ ọ̀gá fún, Alága ẹgbẹ́ òbí, tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù Àpápá, sọ pé èsì ìdánwò wa ti ń dójú ti gbogbo Ajégúnlẹ̀. Ó ní, "Mádáàmù, ẹ yọ orúkọ àwọn ọmọ mọ́kànlá tí ò mọ̀wé yẹn kúrò nínú ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì. Èsì wa á dára." Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní kò burú. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara mọ́ ọn, ẹ dìde, ká jọ lọ sílé wọn báyìí. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún ìyá wọn."

Kò sẹ́ni tó dìde. Alága kàn ń wo bàtà rẹ̀.

Mo bá kéde pé gbogbo wọn ló máa ṣe ìdánwò, àti pé èmi fúnra mi á máa kọ́ wọn ní ìṣirò láràárọ̀ Sátidé. Ìṣirò yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, ṣá.

Bá a ṣe ń jáde, Alága rọra bi mí pé aago mélòó la máa bẹ̀rẹ̀, òun mọ ìṣirò díẹ̀.

Mo ní aago méje. Kó mú ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀ dání.